Ọ̀ṣọ́ Ìkarahun Tí Adétóún Sín

Ìkarahun ìgbín ni Adétóún ń sín sí okùn ìko nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹní. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò lu ihò sí ẹ̀yìn ìkarahun kọ̀ọ̀kan.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti sin ín, Adétóún alára ló sì wẹ òkú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé pé ó ń bọ̀, kò sí ẹni tó bi ìròyìn náà léèrè ibi tó ti wá. Bí àlejò bá ń bọ̀, ilé là ń tún ṣe.

"Jẹ́jẹ́," ni ìkarahun tó tóbi jù nínú wọn wí. "Ẹni tó ń gbé inú mi ló lọ. Èmi ṣì wà níbí."

"Pẹ̀lẹ́," ni Adétóún dá a lóhùn.

"Ta lò ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ dè?"

"Ìyá mi."

"Ṣé ó fẹ́ràn ọ̀ṣọ́?"

Adétóún ronú díẹ̀. "N kò mọ̀. Kò sọ ọ́ rí."

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá náà dùbúlẹ̀, ògiri nìkan ló ń rí látàárọ̀ dalẹ́. Adétóún a lọ sí etí odò, a lọ sí abẹ́ igi, a ṣa èso pánsẹ́kẹ́ tó ti gbẹ, ìyẹ́ àkùkọ, hóró rọ́bà aláràbarà, òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ti fọ̀ dán. A so wọ́n pọ̀, a fi wọ́n kọ́ sókè ibùsùn, kí ojú ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan wò. Ìyá náà a wò ó, a wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, a ní, "Ṣé Diípọ̀ ti dé?" Diípọ̀ ni àbúrò Adétóún, ìlú òyìnbó ló ń gbé. Adétóún ni àkọ́bí, síbẹ̀ Ìyá Diípọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pè é ní Ìyá Adétóún, kì í dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni Adétóún fẹ́ báyìí. Kí ìyá rẹ̀ wọlé, kí ó gbójú sókè, kí ó ní, "Adétóún, o kú iṣẹ́." Bí ó bá ti gbọ́ ìyẹn, kí òkú máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó dìde, ó fi okùn ìkarahun kọ́ ògiri. Bí ó ti kọ́ ọ tán ni ògiri náà fà sẹ́yìn. Ó kọ́ òmíràn, ògiri tún fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ì bá kún pálọ̀ bámúbámú wá dà bí ẹyọ iyọ̀ lórí pápá. Kò bínú sí ògiri. Ó lọ wá ọ̀ṣọ́ kún un.

Igi pánsẹ́kẹ́ ti hù nílé ìdáná, láàrin ààrò, òdòdó rẹ̀ pupa fòò títí dé òrùlé. Èso rẹ̀ tó gbẹ ń mì, hóró inú wọn ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Adétóún na ọwọ́.

"Má ká ti apá òsì," ni igi náà wí. "Ti àbúrò rẹ ni."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Kò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Tirẹ̀ ni, ṣáà."

Adétóún fi apá òsì sílẹ̀. Apá ọ̀tún kò pọ̀, ó ká a.

Nígbà tó padà sí pálọ̀, okùn ìko ti tán. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ìlà kan níbẹ̀ ti yọ orí síta. Ó fà á, okùn ni. Kò dùn ún. Ó ń fà á, ó ń fi í so èso àti ìyẹ́ pọ̀, ìlà kan tán, ó bọ́ sórí òmíràn, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi dán bí àwo.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi bàtà rẹ̀ dání. Ara rẹ̀ ti yá. Irun rẹ̀ dúdú kirikiri, ó kéré sí Adétóún lọ́jọ́ orí, ẹsẹ̀ tí àìsàn ti sọ di igi sì ń rìn dáadáa. Adétóún kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Ẹ kú ilé o," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, bí ẹni tó ń kí onílé tí kò mọ̀ rí. Ó wo ògiri yíká. "Kí ni gbogbo èyí?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, Màmá. Mo fi ṣe ilé lẹ́wà dè yín."

Ìyá rẹ̀ fi ìka kan ìkarahun. "Ìgbín tí ẹ jẹ, ẹ ò da èèpo rẹ̀ nù?" Ó nu ìka náà mọ́ aṣọ. "Diípọ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì dé."

"Ó ń bọ̀. Ilẹ̀ yìí sì tutù, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ọ̀ṣọ́ náà kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ìdí àga. Adétóún bá a tẹ́ ẹ. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, bí ìyá rẹ̀ bá ti dáwọ́ lé nǹkan, òun náà a bá a dáwọ́ lé e.

Diípọ̀ wọlé pẹ̀lú kóòtù dúdú tó wọ̀ níbi ìsìnkú, fóònù wà létí rẹ̀. Ó ń rìn lórí ọ̀ṣọ́ náà, kò wolẹ̀.

"Ṣé òun nìyẹn?" ni ìkarahun ńlá bi Adétóún.

"Òun ni."

Bàtà Diípọ̀ sì tẹ ìkarahun náà, ó fọ́.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Diípọ̀ wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá wọn. "Ẹ mà ń gbìyànjú."

Ó mú òdòdó oníke kan jáde lábẹ́ kóòtù, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá wọn gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré lọ sójú fèrèsé, ó kígbe sí ìta, "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe!" Ó fi òdòdó náà kọ́ ògiri. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn ògiri padà sí àyè wọn, pálọ̀ kún, ó sì lẹ́wà. Adétóún rí i pé ó lẹ́wà. Èyí ló dùn ún jù.

"Màmá, ó rà á ni. Ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lọ," ni Diípọ̀ wí. "Ẹ ṣáà mọ bí Màmá ṣe rí."

Adétóún kò jẹ́ kó lọ. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, kí ni orúkọ mi?"

Diípọ̀ yọ fóònù kúrò létí. Ìyá wọn wo Adétóún láti orí dé ẹsẹ̀, tinútinú ló fi wò ó, bí ẹni tó ń wá ibi tó ti pàdé ojú kan. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó wo ọwọ́ rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀yin ni!" ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń wẹ̀ mí."

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Ọwọ́ yín rọ̀." Ó jókòó ti Diípọ̀ lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá ilẹ̀ yìí, kí àfọ́kù má baà gún ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

Adétóún mú ìgbálẹ̀. Bí ó ti dé ìdí àga, ìyá gbé ẹsẹ̀ sókè fún un, Diípọ̀ náà gbé tirẹ̀, wọn kò dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró. Ó gbá àfọ́kù, hóró àti ìyẹ́ jọ, ó gbá wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn.

Àdúgbò kò sí níta. Ẹṣin kan ló dúró síbẹ̀, ó ga ju òrùlé lọ, ara rẹ̀ ń gbóná. Omi kún ẹnu rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu Adétóún, kò gbé e mì, kò sì tu ú dànù. Adétóún ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó di irun ọrùn ẹṣin náà mú láti gùn ún lọ.