Itan Àmínátù Dé Jámánì

Látìgbà tí sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, òfin ni wọ́n ń tú jáde bí ẹni ń dín àkàrà. Ara ògiri ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe ilé. Ọ̀kan wà nínú gíláàsì ní ilé ìwòsàn Dókítà Adéjìmí ní Fola Agoro, l'Ékòó: "A kì í fi àwòrán aláìsàn ránṣẹ́ sí òkè òkun láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Abẹ́ ìwé yìí gan-an ni Àmínátù ará Ladi-Lak ti bá dókítà lójú oorun, tó yanu bí ẹja inú àwọ̀n, tí itọ́ ń kán sórí táì rẹ̀. Kò kọ́kọ́ jí i. Ó yọ fóònù, ó ya á ná, kó tó gbá tábìlì.

"Dókítà, kí ni itan mi ń ṣe ní Jámánì?"

Kamaldeen, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́hùn-ún, ló rí i lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irin tí wọ́n ń dè mọ́ orúnkún ló fi ń polówó: Àmínátù rèé lórí ibùsùn dókítà lọ́jọ́ tó wá tọ́jú orúnkún, láìborí, aṣọ ká dé itan. Àmínátù tí àna rẹ̀ ò rí irun orí rẹ̀ rí!

Dókítà nu ẹnu. "Ẹ fara balẹ̀, Àlàájà. Àwọn tó ń kó irin wá fún wa ló béèrè fún un. Ohun tó bá ti sọdá òkun, ọwọ́ wa ò tó o mọ́. Ṣé òfin Nàìjíríà ń wọ bàálù ni?"

"Ṣé ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́?"

"Nítorí àwòrán lásán?"

"Ó dáa. Àwòrán lásán." Ó na fóònù sí i lójú. "Ẹ wo tiyín. Kamaldeen àbúrò mi ń retí ẹ̀. Bí mo bá tẹ ibí yìí báyìí, ẹ ti dé Jámánì, tẹ̀yin titọ́ yín."

Àga ṣubú. "Àlàájà! Ẹ ò gbọdọ̀! Ẹ ò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi! Òfin wà!"

"Ẹ̀hẹ́n! Òfin ti jí? Mo rò pé ẹ jọ ń sùn ni."

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọwọ́ tí kò tó òkè òkun lẹ́ẹ̀kan dédé gùn. Dókítà gbé fóònù, ó ń bẹ òyìnbó tó ń ta irin, ó tún ń fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn. Àmínátù jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kò mira títí Kamaldeen fi pè pé wọ́n ti yọ itan kúrò. Ìgbà náà ló pa àwòrán dókítà rẹ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ padà sùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ panu dé."