Bátìrì Tí Kò Lẹ́kọ̀ọ́

Bàbá mi ló ń ta bátìrì náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi àkísà nu eruku lára ọjà. Ó ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, pé ọ̀sán ti ń lọ.

"Irú èwo lo fẹ́?"

Mo ní mo fẹ́ èyí tí yóò máa gbé ẹ̀rọ tí màmá fi ń mí títí iná yóò fi dé. Mo ní mo sì fẹ́ irú èyí tó máa ń ránṣẹ́ sórí fóònù bí iná bá lọ, torí Abẹ́òkúta ni mo wà, màmá sì wà ní Ìgbájọ. Mo ní kó má wọ́n o. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, wákàtí kan péré ni màmá ní. Bàbá mi ní òun mọ̀.

Fèrèsé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà wọ inú yàrá ìyá mi ní Ìgbájọ. Mo ń rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní imú rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Gílóòbù ń tàn lókè orí rẹ̀. Mo pè é, kò gbọ́. Mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì náà sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyá mi kì í sọ nǹkan fún èèyàn. Bí mo bá pè é pé ṣé iná wà, á ní kò tíì lọ láti àárọ̀. Nígbà tí ògiri ẹ̀yìnkùlé wó lọ́dún tó kọjá, ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní kí ni òun fẹ́ máa kó ọkàn ọmọ òun sókè sí. Ó bí mi nínú nígbà náà, ó ṣì ń bí mi nínú nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Àwọn bátìrì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó tóbi jù kò tilẹ̀ wò mí. Bàbá mi ní kí n má béèrè iye rẹ̀, pé ẹni tó bá béèrè á kọ́kọ́ lọ ta ilẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán, màmá wa." Ó wù mí. Bàbá mi yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri kí n lè gbọ́ bí yóò ṣe jíṣẹ́.

Bátìrì náà wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà. Mo ní ṣé iná ti lọ ni.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Bí ẹ bá ṣáà ti ráyè, ẹ máa bọ̀ nílé."

Bí wọ́n ṣe pè mí nígbà ikú bàbá mi náà nìyẹn. Wọ́n ní ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀, pé ó fẹ́ rí mi. Mo sọ̀ lọ́nà, mo ra ọsàn, mo ra búrẹ́dì, mo ní kí wọ́n bá mi mú èyí tó rọ̀ nítorí eyín rẹ̀. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Mo sọ ọ́ jáde níwájú bàbá mi. Ó ní, "Ọsàn yẹn dùn."

Bátìrì kékeré kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n ti kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mo fà á jáde. Kò kí mi. Bàbá mi yọ wáyà tirẹ̀ náà.

"Iná ti lọ," ló wí. "Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wákàtí kan ló kù fún ìyá ẹ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pòṣé. Èyí tó tóbi jù lanu fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rà á tí wọ́n dá a padà, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n.

Mo fẹ́ mú un. Mo ti gbé e mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti di àwọn àbúrò bàbá mi, gbogbo wọn ń wò mí. Ìyáàfin Fátókè, àbíkẹ́yìn wọn, ní, "Àwẹ̀ró, ṣé èyí lo fẹ́ gbé wọlé tọ ìyá ẹ? Ọmọ táa kọ́ ni ẹ́ o." Ojú tì mí. Mo gbé èyí tó kéré sílẹ̀. Kí n tó yíjú, èyí tó dọ̀bálẹ̀ kí mi ti gun ẹ̀yìn mi, ó sì ti fi ọ̀já so ara rẹ̀ mọ́ mi. Ara rẹ̀ gbóná bí ara ọmọ.

Gílóòbù kú nínú yàrá ìyá mi. Ìyá mi gbójú sókè wò ó, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," ni bátìrì wí lẹ́yìn mi. "Ọjà ńkọ́?"

Mo ní kó sọ ọ́. Ó bi mí bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹnìkan ń pariwo, "Iná ti lọ! Àwẹ̀ró, iná ti lọ!" Àwọn àbúrò bàbá mi fi àkísà dí i lẹ́nu. Mo sáré lọ sídìí fèrèsé. Ògiri ni mo bá níbẹ̀. Bàbá mi gbé àpò dúdú kan lé mi lọ́wọ́, búrẹ́dì ọjọ́sí ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì rọ̀.

Mo ta jí. Orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni mo sùn lé, oòrùn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tí mo kọ orúkọ bátìrì mẹ́ta sí láti oṣù tó kọjá wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, n kò tíì fàlà sábẹ́ ọ̀kankan. Fóònù ń dún. Bọ̀dá Akínbọ̀dé ni, tí ilé wọn àti ilé ìyá mi jọ fara kan ara ní Ìgbájọ.

"Àwẹ̀ró, kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná wà?"

"Kò sí nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Bó o bá ṣáà ti ráyè, máa bọ̀ nílé."

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n ra búrẹ́dì dání. Wọ́n tún ní kí n ṣáà máa bọ̀.