Góòlù Ìrókò

Edith ti kan tìmùtìmù mọ́ ògiri pálọ̀, ní ibi tí iwájú orí baba rẹ̀ máa ń bá gan-an. Ernest, baba náà, dúró níwájú tìmùtìmù náà, ó dẹ ọrùn sẹ́yìn, ó sì fi orí kàn án. Ó tún ṣe é. Kò yára, kò sì bínú. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Saubana dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Láti Fairburn, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ló ti wa ọkọ̀ wá sí Covington láàárọ̀ Sátidé yìí, kò sì tíì fojú kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà Kérésìmesì.

"Uncle, ẹ wọlé. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù," ni Edith wí. Ilé ìwòsàn kan ní Decatur ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹnu iṣẹ́ òru níbẹ̀ ló sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ògiri lásán ni wọ́n ń kàn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí iwájú orí wọn wú ni mo dá ọgbọ́n yìí."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Dókítà ní kí n wá ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn. Ta ni mo ní bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Saubana mi orí. Ìdí mìíràn wà tó fi wá, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bó ti ń ti mọ́sálásí bọ̀, ọ̀nà ilé rẹ̀ pòórá mọ́ ọn lójú. Ó wa ọkọ̀ yí po láàárín àwọn òpópónà tó ti ń gbà láti ọdún pípẹ́, títí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó rí ilé ìtajà kan tó dá mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà á pé ohun tó mú Ernest ti ń yọjú sí òun náà. Ó wá fi ara rẹ̀ wé e ni.

Àwọn méjèèjì jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹgbẹ́ tí kò wọ líìgì rí, tí ìwé ìròyìn kankan kò sì dárúkọ rẹ̀. Orúkọ igi ni àwọn òǹwòran fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Saubana ni Ìrókò, Ernest ni Apá. Àwọn ló ń dúró láàárín ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù òkè kan kì í sì í kọjá wọn. Yakub aṣọ́lé ni wọ́n ń pè ní Arère, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí owó pákó rẹ̀ kì í wọ́n, nítorí pé kì í fi orí kan bọ́ọ̀lù rárá. Kóòṣì wọn máa ń ri bọ́ọ̀lù aláwọ sínú àgbá omi di ọjọ́ kejì, yóò wá fi okùn so ó rọ̀ sára òpó tí wọ́n fi ń gbé gẹdú. "Ẹ máa kàn án títí tí kò fi ní dùn yín mọ́," ni yóò wí. Wọ́n ń kàn án. Nígbà tó yá, kò dùn wọ́n mọ́, wọ́n sì ń fi í yangàn.

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, góòlù kan ṣoṣo ni Saubana fi ń yẹ ọpọlọ ara rẹ̀ wò. Àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni, ní pápá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láràárọ̀, kó tó dìde lórí ibùsùn, yóò pè é wá sí ojú rẹ̀: òjò tó ń ṣú, kọ́nà tó ń ti ọwọ́ òsì bọ̀, bí òun ṣe fò, ìró awọ tútù ní iwájú orí, àti òpó góòlù tó gbá a létí nígbà tó ń já bọ̀, tí àpá rẹ̀ kò lọ títí dòní. Níwọ̀n ìgbà tí góòlù náà bá ṣì pé, orí òun pé. Àní ní Jímọ̀ ọjọ́sí, nígbà tí gbogbo ọ̀nà jọ ara wọn, góòlù yẹn ló rò débi tí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ó lọ dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Apá."

Ernest yíjú. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìrókò. O mà ti sanra. Ta ló ń bọ́ ẹ?"

"Ìyàwó mi ni."

"Èwo?"

"Èyí tí o mọ̀ náà ni."

"Kò tíì kọ̀ ẹ́? Obìnrin yẹn ní sùúrù."

Edith rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ẹ̀rín ẹni tí kò rí nǹkan rín láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó. Ernest gbé ọwọ́ lé orúnkún Saubana.

"Ṣé o rántí góòlù mi? Ti Ìjẹ̀bú-Òde? Òjò ń ṣú. Kọ́nà ń ti ọwọ́ òsì bọ̀. Mo fò, mo kàn án, ó wọlé."

Ara Saubana fúyẹ́. Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó wá wò láàárín àwọn méjèèjì nìyí: ọ̀kan ń rántí, èkejì ń jí ìrántí ẹlòmíràn lò.

"Apá, èmi ni mo gbá góòlù yẹn."

"Irọ́ lo pa."

"Wo àpá etí mi."

Ernest wo àpá náà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan fẹ́ẹ́ bọ́ sí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà kò sì bọ́ síbẹ̀. Ó dìde, ó padà sídìí ògiri.

Ó yẹ kí Saubana fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Ó fa fóònù yọ, ó pe Yakub ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Arère, oúnjẹ kòkòrò."

"Ẹ̀yin igi líle," ni Yakub dáhùn, "ẹ ò tíì di èédú ní Amẹ́ríkà?"

"Bá wa dá ẹjọ́ kan. Góòlù Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo kàn án wọlé àbí Apá?"

Yakub rẹ́rìn-ín. Ó rín in pẹ́, kó tó fura pé òun nìkan ló ń rín in.

"Saubana," ni ó wí. Kò pè é ní Ìrókò. "Ṣé eré lò ń ṣe ni?"

"Dáhùn."

"Olúwakóredé ni, ọmọ tó ń gbá iwájú fún wa. Ìwọ àti Ernest ò sí lórí pápá nígbà náà. Ẹ̀yin méjèèjì fò sí bọ́ọ̀lù kan náà ní abala àkọ́kọ́, ẹ sì forí gbárí. Eyín Ernest ló ya etí rẹ. Abẹ́ igi la tẹ́ yín sí."

Saubana fi ọwọ́ kan àpá etí rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ lajú, ẹ ń béèrè ẹni tó borí. A sọ fún yín, ẹ tún béèrè. Gbogbo ọ̀nà la fi ń tún góòlù yẹn sọ nínú lọ́rì gẹdú: òjò, kọ́nà, bó ṣe fò. Nígbà tó yá, à ń gbọ́ pé kálukú yín ń ní òun ló gbá a. Àwàdà la pè é. Saubana, ṣé o ṣì ń gbọ́ mi?"

Saubana pa fóònù. Láti ìdí ògiri, ìró tìmùtìmù náà ń dún ní ìdákúrekú. Ó rí i pé Edith ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo lọ́wọ́, kò sì wo baba rẹ̀. Saubana ni ó tẹjú mọ́.

"Uncle, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ."

"Ṣé o ò ní sùn ni? Jẹ́ kí n máa lọ."

Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ojú ihò rẹ̀, kò tíì yí i. Góòlù náà wá fúnra rẹ̀ láìpè é, ó pé pérépéré, kò sì sí ohun tó yẹ̀ nínú rẹ̀. Ohùn tó ń sọ ọ́ nìkan ló wá gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin nínú lọ́rì. Ó sáré wá ìdíje mìíràn nínú iyè rẹ̀. Ohùn wà nínú ìyẹn náà. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó wá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó wá ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé Atlanta nínú òtútù, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí ẹni tó ń sọ wọ́n fún un.

Ẹnìkan fi ìka lu dígí fèrèsé ọkọ̀. Edith ni.

"Uncle, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ni màá wà yín délé."

"Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé? Lọ sùn ná, ọmọ mi."

"Mo ti sùn, mo sì ti jí, Uncle."

Saubana gbójú sókè. Oòrùn ti ń wọ̀; òjìji ilé náà ti kọjá ọkọ̀, ó ti dé ojú títì. Nínú dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn, ó rí Ernest tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ jẹ́ẹ́, tó ti de bẹ́líìtì, tó ń wo iwájú. Kò gbọ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì jẹ́ kí Edith fa bẹ́líìtì kọjá àyà rẹ̀.