Ojú Ọ̀gá Nínú Kámẹ́rà

Tí wọ́n bá ní kí n ka gbogbo ohun tí ọ̀gá wa kò mọ̀, ilẹ̀ á ṣú kí n tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀, kò sí nǹkan tí kò mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ kí ẹ parí rẹ̀, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni, òun á ti na ọwọ́ sókè: “Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀.” Ó fẹ́ ọmọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tó fi bá ara rẹ̀ lórí àga ọ̀gá. Àga ọ́fíìsì ló ń tà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ àga yàn.

Kámẹ́rà là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ya ọkọ àti ìyàwó. Ooru ni tiwa ń wò. Gbogbo ohun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń tan ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò rí, kámẹ́rà wa a sì máa rí i, ìbáà jẹ́ nínú òkùnkùn, ìbáà jẹ́ nínú èéfín. Èmi ni mo ya sákíìtì inú rẹ̀. Lórí ṣíìpù kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ojú wẹ́wẹ́ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ló tò ní ìlà-ìlà, olúkúlùkù sì ní sákíìtì tirẹ̀ lábẹ́, tó ń gba iná tín-ín-tín tí ooru bá mú wá, tó ń dì í mú díẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ síwájú nígbà tó bá kan ìlà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi yà á. Ẹni tó bá ti ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà odindi àpò kan á mọ irú sùúrù tí mò ń sọ. Mo-Ti-Mọ̀ wo àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní kí n fi àwọ̀ ewé díẹ̀ sí i.

Wàhálà ojú wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni pé kò sí méjì nínú wọn tó rí bákan náà. Òmíràn á máa sọ pé ooru wà níbi tí kò sí, òmíràn á máa tòògbé. Nítorí náà, kí a tó fi kámẹ́rà wo ohunkóhun, a ó fi ìdérí dé ojú rẹ̀, a ó sì tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru ìdérí yẹn dọ́gba káàkiri, kò ní àwòrán kankan. Kámẹ́rà á wò ó, á sọ fún ara rẹ̀ pé báyìí ni òfo ṣe rí. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tó bá rí, á kọ́kọ́ yọ òfo yẹn kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde. Kámẹ́rà ẹlòmíràn ní ìdérí tirẹ̀ nínú, tó ń ṣí tó ń tì fúnra rẹ̀. Tiwa náà ní in rí. Mo-Ti-Mọ̀ ló ní kí a yọ ọ́ dànù, ó ní ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò bá òde mu.

Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ni Ìyá Ìwọ̀n, Màmá la máa ń pè é lójú ara rẹ̀. Kámẹ́rà kan kò gbọdọ̀ jáde tí kò bá fọwọ́ sí i. Obìnrin kékeré ni, awò méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, á sì tún máa wá ẹ̀kẹta kiri. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi àti imú mi tó wà lókè, òun ló wo sákíìtì àkọ́kọ́ tí mo yà, ó ní, “Ó lẹ́wà o, ọmọ mi. Kò ní ṣiṣẹ́.” Kò sì ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lónìí, láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí àpótí tí mo fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

Mo-Ti-Mọ̀ kò fẹ́ràn yàrá ìyẹ̀wò Màmá rárá. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa ń sọ fún un pé rárá. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní àwọn panápaná ń bọ̀ wá wo kámẹ́rà wa, bóyá wọ́n á lè máa fi wá èèyàn nínú èéfín. Tí wọ́n bá gbà á, yàrá ìyẹ̀wò dúró. Tí àbààwọ́n kan ṣoṣo bá jáde lójú àwòrán níwájú wọn, òun á ti yàrá náà pa, kí Màmá máa lọ sinmi nílé. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ó fún un lẹ́bùn. Màmá kò lè sinmi nílé. Ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún méjì, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ń ra oògùn. Gbogbo wa la mọ̀, Mo-Ti-Mọ̀ náà mọ̀. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá fi ìdérí dé kámẹ́rà, ó tẹ bọ́tìnnì, ó ṣí i, ó wo àwòrán rẹ̀ yíká, ó mọ́ rekete. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí a ti fẹ́ tú èéfín sí, kí ó lọ wo ẹ̀rọ èéfín. Bó ṣe jáde ni Mo-Ti-Mọ̀ wọlé, kóòtù tuntun lọ́rùn, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé.

“Òun nìyí?” Ó gbé kámẹ́rà náà.

“Òun ni, sà. Ẹ rọra, wọ́n ti...”

“Mo ti mọ̀.” Ó yí ojú kámẹ́rà sí ara rẹ̀, ó sún un mọ́ imú bí ẹni tó ń wo dígí. “Ibo ni wọ́n ti ń tàn án? Ṣé bọ́tìnnì yìí ni?”

“Sà, ìyẹn kì í ṣe...”

“Mo ti mọ̀!”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà dún pín-ín, ọ̀gá gbé e kalẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, ó jáde lọ.

Mo gbé kámẹ́rà náà, mo yẹ àwòrán rẹ̀ wò. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Láàárín gbùngbùn àwòrán, orí ńlá dúdú kan jókòó síbẹ̀, etí méjì, èjìká méjì, níbikíbi tí mo bá kọjú kámẹ́rà sí. Nítorí pé gíláàsì kì í jẹ́ kí ooru ojú kọjá, ibi tí awò ojú rẹ̀ wà funfun bàlàú, ó sì ń wò mí bí òwìwí. Kámẹ́rà ti wo ọ̀gá wa láwòfín, ó sì ti pinnu pé òfo ni. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ya ṣíìpù yẹn kò já sásán, mo ní sí ara mi. Kámẹ́rà mi gbọ́n ju bàbá ìyàwó ọ̀gá lọ.

Gbogbo ohun tó kù kò ju kí n dé e, kí n tún bọ́tìnnì tẹ̀. Èèyàn ò tíì ka ení, èjì, ẹ̀ta tí á fi parí. Mi ò ṣe é. Mo fẹ́ kí ojú tì í. Mo fẹ́ kó dúró níwájú àlejò, kó máa yangàn, kí orí òun fúnra rẹ̀ wá jáde síbẹ̀ láti dá a lóhùn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, mo ti ń gbọ́ bí wọ́n á ṣe rẹ́rìn-ín.

Màmá padà wọlé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. “Ṣé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án?”

“Kò sẹ́nì kankan, Màmá.”

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò fi ní gbà mí gbọ́?

Àwọn panápaná dé, mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀gá wọn jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ètò tèmi ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wo kámẹ́rà nínú yàrá wa, ibẹ̀ ni màá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Mo-Ti-Mọ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún ètò ẹnikẹ́ni. Ó kó wọn gba yàrá ẹ̀yìn lọ tààrà, ó ní èéfín ni kí wọ́n fi dán an wò, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Èéfín ti kún ibẹ̀, èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, wọ inú rẹ̀ lọ, ó lọ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti dákú.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹnu mi kò dì. Ṣùgbọ́n Mo-Ti-Mọ̀ ń sọ fún wọn pé kò sí ìlà kan nínú sákíìtì náà tí òun kò fi ojú ara òun yẹ̀ wò, mo sì fẹ́ kó parí gbólóhùn náà. Kó tó parí, ọ̀gá panápaná ti gba kámẹ́rà, ó ti wọlé.

Àwa tó kù ń wo ohun tó ń rí lórí ẹ̀rọ ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri hàn, fèrèsé hàn, orí dúdú náà wà láàárín. Kò sí ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ibi tí orí yẹn jókòó sí gan-an ni ọkùnrin náà sùn sí, odindi rẹ̀ wọ inú rẹ̀ tán, ooru ara rẹ̀ àti ooru ojú ọ̀gá wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kámẹ́rà yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó fi ọkùnrin náà hàn bí ilẹ̀ lásán. Obìnrin náà ń rìn lọ, ó ń sọ pé, “Mi ò rí i. Kò sẹ́nì kankan níbí.” Lẹ́yìn náà la gbọ́ igbe.

Ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn bàtà panápaná, ẹ mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó.

Wọ́n jáde sínú afẹ́fẹ́, ọkùnrin náà di ìka rẹ̀ mú. Mo-Ti-Mọ̀ kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Màmá ló kọjú sí. “Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ lójoojúmọ́? Kí lẹ ṣe sí kámẹ́rà yìí, Màmá?”

Màmá kọjú sí àwòrán náà. “Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ó mọ́.”

Báyìí ni àkókò mi ṣe dé. Mo gba kámẹ́rà, mo gbé e síwájú Mo-Ti-Mọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.” Orí rẹ̀ wọ inú orí dúdú náà, etí bọ́ sí ipò etí, awò bọ́ sí ipò awò, gbogbo rẹ̀ pòórá lójú ẹ̀rọ. “Ẹ kú orí ire, sà. Ẹ̀yin lẹ tẹ bọ́tìnnì síwájú ara yín láàárọ̀. Kámẹ́rà ti gbà pé ẹ̀yin ni òfo.”

Ẹ̀rín bú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, panápaná kejì rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́wọ́ náà rẹ́rìn-ín láàárín ìrora. Ojú Mo-Ti-Mọ̀ pọ́n. Ayé mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá panápaná kò rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Láàárọ̀, mà. Ìṣojú mi ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?”

“Èèyàn á dé e, á tún tẹ bọ́tìnnì.”

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó wò mí tìtì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pè mí ní ẹ mọ́. “Ọ̀gá rẹ kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, mo lè kọ́ ọ. Ìwọ mọ̀, o dúró, o ń wò mí bí mo ṣe ń gbé e wọ inú èéfín. Mi ò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.” Ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ yọ, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Kó tó di ọ̀sán, lẹ́tà ti jáde. Mo-Ti-Mọ̀ kò kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kò tilẹ̀ bá mi wí. Èmi nìkan ni mo mọ sákíìtì náà, ta ló máa yà á fún un tí mo bá bínú lọ? Ó kọ ọ́ pé àbààwọ́n jáde lójú àwòrán níwájú àlejò, gẹ́gẹ́ bí òun ti kìlọ̀, nítorí náà yàrá ìyẹ̀wò di títì láti òní lọ. Mo bá a lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe ti Màmá. Ó na ọwọ́ sókè.

“Mo ti mọ̀,” ló wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ lóòótọ́.

Màmá ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀. Ó ti kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú páálí, ó ń ká wáyà ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń dè wọ́n dáadáa bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá lò wọ́n. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Mi ò mọ ibi tí màá kó ọwọ́ mi sí.

“Mo bi ọ́ bóyá ẹnì kan fọwọ́ kàn án,” ó ní. Kò gbójú sókè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O mọ̀ pé ìdánwò yẹn ni yàrá yìí rọ̀ mọ́.”

“Mo mọ̀, Màmá. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ojú tì í ni.”

Ó de wáyà tó kù. “Ṣé ojú tì í?”

Mo ronú sí i. Mo ti rí Mo-Ti-Mọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, ó ń sọ ìtàn náà fún ẹnì kan lórí fóònù, ó ń fi ṣe àpárá. “Rárá, Màmá.”

“Ẹ̀rín yẹn ńkọ́, ṣé ó dùn?”

Mo ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà. “Ó dùn, Màmá.”

Ó mi orí. Ó gbé páálí náà, ó gbé àpò lé e lórí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì wò mí.

“Ó dáa,” ó ní. “Bá mi di ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ mi kún.”

Mo dì í mú fún un.