Ẹni Tó Kó Atalẹ̀ Pupa Wá

Ọmọbìnrin náà ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́ṣáláṣí. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n. Sìkírátù ló kẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kí ó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ tán, orúnkún ọmọ náà ti wà nínú iyanrìn níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀ sí oko wa."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn yòókù. Kò pẹ́ níwájú Sìkírátù ju bí ó ti pẹ́ níwájú ẹnikẹ́ni lọ. Mutmainah ni orúkọ rẹ̀. Sìkírátù ló bí i, ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

"Kò mọ̀ mí," ni ó wí sí Nusaiba létí.

Nusaiba ni ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó gbà á sílé ní Brays Oaks, àdúgbò kan ní Houston ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ó ti dé, ní oṣù méjì sẹ́yìn. Òun náà ló forúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn sílẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá wo oko. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà nígbà tí ẹ rí i kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká rìn yí oko ká ná, lẹ́yìn náà kí ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Sìkírátù gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wá láti Ìṣẹ́yìn, ó sì ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò ó sẹ́nu. Òun àti Rahmon, bàbá ọmọ yìí, ni wọ́n jọ dá oko náà sílẹ̀. Ìwé ìgbélùú Sìkírátù ti kọjá àkókò nígbà náà. Nígbà tí àìsàn tó pa ìyá rẹ̀ dé, Rahmon ló ní kí ó máa lọ sílé, pé òun ti bi lọ́yà, lọ́yà sì ní kò séwu. Rahmon kò bi lọ́yà kankan. Nígbà tí Sìkírátù fẹ́ padà, wọ́n sọ fún un ní Èkó pé ó di ọdún mẹ́wàá kí ó tó lè tún bèèrè fíísà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Rahmon ti gbé obìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Lará wọlé, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó sì ti sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn nílé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó di ọdún méjì báyìí tí Rahmon ti kú, Sìkírátù kò sì rí i sọ nǹkan kan sí. Ṣùgbọ́n ọmọ wà láyé. Bí ọmọ bá ṣáà ti gbọ́ òótọ́, ohun gbogbo á tò.

Mutmainah kó wọn wọ ilé gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀rá funfun bò látòkè délẹ̀. Ooru inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò orí iná. Hẹlikóníà wà lápá ọ̀tún, ewé rẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òdòdó rẹ̀ pupa, ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹnu odídẹrẹ́. Atalẹ̀ pupa wà lápá òsì, kì í ṣe atalẹ̀ ọbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn nítorí òdòdó ni, ó tò lọ títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Mẹ́ta péré ló wà nígbà tí Sìkírátù ń lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà fi ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó yẹ.

"Ata àti gbúre ni bàbá mi fẹ́ gbìn síbí," ó ní. "Ìyá mi ló kọ̀. Ó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú nígbà náà. Ní ọjọ́ kan, wọ́n da òdòdó àtijọ́ nù, ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdọ̀tí, ó fi híjáàbù rẹ̀ di gbòǹgbò mẹ́ta, ó sì wọ bọ́ọ̀sì méjì délé láìborí. Bàbá mi bínú sí i lọ́jọ́ náà. Gbogbo èyí tí ẹ ń wò yìí, ọmọ gbòǹgbò mẹ́ta yẹn ni."

Ìtàn Sìkírátù fúnra rẹ̀ ni. Kò sí ohun tí ọmọ náà fò níbẹ̀, àti bọ́ọ̀sì méjì, àti híjáàbù.

"Máṣàllá," obìnrin kan wí. "Ìyá yín wà láyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn nìyẹn." Mutmainah na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ti ń to omi tútù sórí tábìlì. Lará ni. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un. Lará gbójú sókè, kò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Nusaiba di ọwọ́ Sìkírátù mú.

Wọ́n dé ìdí hẹlikóníà. Mutmainah fa ọ̀bẹ gígùn kan yọ níbàdí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tanná," ó ní. "Tó bá ti tanná tán, kò wúlò mọ́. Ńṣe ló ń dúró síbẹ̀ tí ó ń gba oúnjẹ àwọn ọmọ tó yí i ká. A máa ń gé e mọ́ ilẹ̀ ni." Ó wo àwọn àlejò lọ kúlẹ́kúlẹ́, ó sì na èkù ọ̀bẹ sí Sìkírátù. Yorùbá ló wá sọ. "Mà, ẹ wá gé e."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ gé e nísàlẹ̀ pátápátá."

Sìkírátù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé e kí ó tó wó. Omi rẹ̀ ta sí i lójú, àwọn obìnrin sì tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ń dá ọ̀bẹ padà ni ojú òun àti ọmọ náà pàdé dáadáa. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọmọ náà mọ òun.

Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ yan òdòdó tí wọn yóò rà, ó sì tọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn táǹkì omi.

"Mutmainah."

"Mà."

"O mọ̀ mí."

"Orúkọ yín wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa," ọmọ náà dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. N kì í sọ ìtàn òtẹ́ẹ̀lì fún àlejò. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún lónìí."

Ọ̀rọ̀ tí Sìkírátù gbé wá tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìtò. Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ kankan. Ó ní bàbá rẹ̀ ló tan òun lọ sílé, ó ní fóònù tí òun pè kò lóǹkà, ó ní kí ó bi Nusaiba.

Mutmainah jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ó ní. "Dádì sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n sunkún. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà yín."

"Láti ọdún méjì?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta."

"O kò sì pè mí."

"Kí n pè yín kí n wí kí ni? Ọdún tí yìnyín bọ́, tí iná lọ ní gbogbo Houston, Mọ́mì àti èmi sùn sínú ilé ọ̀rá yẹn fún òru mẹ́rin, à ń dáná sí kòtò kí atalẹ̀ yín má baà kú. Ó ti mọ́ Mọ́mì lára láti máa tọ́jú ohun tí ẹ fi sílẹ̀." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ lọ. Ó yẹ kí ìyẹn mú inú mi rọ̀. Mo dúró kí ó rọ̀. Kò rọ̀."

"Ìyá rẹ ni mí, Mutmainah."

"Ọkàn Mọ́mì kò lágbára," ọmọ náà ní, ó ti ń bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín. Àwọn ará yín ń dúró dè yín."

Ọkọ̀ gba ojú títì lọ. Òórùn àwọn iléeṣẹ́ epo Pasadena wọlé láti ojú fèrèsé, àwọn obìnrin sì ń fi òdòdó wọn wé ara wọn. Nusaiba fara sún mọ́ ọn.

"Ẹ sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un?"

"Mo sọ ọ́."

"Ó gbà yín gbọ́?"

"Ó gbà mí gbọ́."

"Alhamdulillah. Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ṣèkà o."

Sìkírátù la ẹnu láti ṣépè fún Rahmon, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀. Èpè náà kò wá. Ó wá a títí, bí èèyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin náà ló dúró láàárín òun àti ọmọ náà, òun sì ti rò pé òjìji rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Ọkùnrin náà ti kúrò níbẹ̀ wàyí. Ọmọ ti rí òun kedere, síbẹ̀ kò pe òun ní ìyá.