Irin Kì Í Dúró De Alága

Dúdú-Ọwọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí pé irin tó ń pò ní yàrá àyẹ̀wò kì í kúrò ní ìka rẹ̀, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Orúkọ yẹn ò bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé Alága ìjọba ìbílẹ̀ ò tíì dé, irin rẹ̀ sì ń kú lọ nínú àgbá.

Àgbàlá ìyá rẹ̀ ni wọ́n wà, lẹ́bàá kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ kó tó papò dà. Omi tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri fi ń bọ́ gírísì lára ẹ̀rọ ti jò wọ ilẹ̀, ó ti ba omi kànga jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn á da kọnkéré dí i, kí màmá kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíì. Dúdú-Ọwọ́ ló taku. Ó ní òun á fọ omi náà níbi tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní kó dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kọnkéré ni.

Irin àti sítáàṣì ló fẹ́ fi fọ̀ ọ́. Ẹyọ irin náà kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ó sì mọ bí a ti í tú irú májèlé bẹ́ẹ̀ ká. Àmọ́ ìhòòhò ò yẹ ẹ́. Bí kò bá rí nǹkan bora, ṣe ló máa dì mọ́ra, tó máa rì, tí kò sì ní rìn jìnnà. Sítáàṣì ni aṣọ rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́: bó bá dúdú, ó wà láàyè, bó bá pupa, ó ti dógùn-ún nìyẹn, ó parí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó láàárọ̀, tí wọ́n sì ń lò ó kí oòrùn tó mú.

Ọ̀gá rẹ̀, tó fẹ́ràn ayẹyẹ ju iṣẹ́ lọ, wá ní kí wọ́n ṣí ìdérí àgbá sílẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè rí inú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dé e padà. Afẹ́fẹ́ ń pa á.”

“Alága ti wà lọ́nà.”

“Àtàárọ̀ ló ti wà lọ́nà, sà.”

“Òun ló máa tan ẹ̀rọ tó máa fà á wọlẹ̀. Fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Eléyìí ti ń bàjẹ́.”

Dúdú-Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ wo inú àgbá. Etí irin náà ti ń pọ́n. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó gbọ́wọ́ lé pákó tí wọ́n fi bo kànga.

“Ta lẹ ṣì ń retí?” ni màmá bi í.

“Alága ni, Màámi.”

“Ṣé òun ló máa mu omi ọ̀hún?”

Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Dúdú-Ọwọ́ fi ìdérí bo àgbá, ó ki rọ́bà ẹ̀rọ bọ ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

“Tí o bá tan nǹkan yẹn, o ò níṣẹ́ mọ́,” ni Ọ̀gá wí.

Ó tàn án.

Nígbà tí Alága sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àgbá ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n tún un dà kí wọ́n lè ya fọ́tò.

“Ó ti wọlẹ̀, sà,” ni Dúdú-Ọwọ́ fèsì. “Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn.”

Ojú ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀. Dúdú-Ọwọ́ fà á lé e lọ́wọ́ tìdúdú-tìdúdú, ọwọ́ rẹ̀ kan Ọ̀gá, àpá ìka rẹ̀ sì wà lára ẹ̀wù funfun ọkùnrin náà títí tó fi lọ.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Obìnrin náà ò kúrò nílé ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àwọn aláyẹ̀wò bá wá bu omi ló máa ń dúró tì wọ́n lórí. Májèlé ń dín, ó ń dín, títí wọn ò fi rí i mọ́. Wọ́n ní omi náà ṣeé mu.

Ni Ọ̀gá bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, òun àti kọ́kọ́rọ́. Kànga àdúgbò kejì ló kù, Alága sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lọ́tẹ̀ yìí.

“Màá wá,” ni Dúdú-Ọwọ́ wí. “Àmọ́ àárọ̀ la máa dà á. Bí Alága bá pẹ́, kó wá wo àgbá òfìfo.”

Màmá ti fa omi láti inú kànga, ó gbé ife kan síwájú Ọ̀gá.

“Ẹ mu ún,” ni màmá wí. “Ẹ má dúró de Alága.”