Ímeèlì Mẹ́rin sí Tèmídayọ̀

Ìyìn kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá sí Àpòmù.

"Bàbá, Àǹtí Tèmídayọ̀ ní kí n mú yín lọ rí dókítà. Dókítà tó ń wo ọpọlọ."

Ọ̀rọ̀ náà ká Barnabas lára. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. "Kí ni mo ṣe?"

Ìyìn, ọmọ àbúrò rẹ̀, na fóònù sí i. Ímeèlì mẹ́rin tó ti kọ sí Tèmídayọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Ibi tó kọ "ọmọ" sí, "á»má»" ló wà ńbẹ̀.

"Wọ́n rò pé ikú Màámi ti da orí yín rú ni."

Abájọ! Gbogbo èsì tí ọmọ náà ń kọ kò ju "Bàbá, ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" lọ. Òun sì ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹ́ lógún mọ́.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ìkirè," ni Barnabas wí, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ apá.

Soliat, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibùdókọ̀ Ìkirè, yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, orí yín pé. Kọ̀ǹpútà kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Ó yẹ kó sọ bí wọ́n ṣe máa tú nọ́ńbà náà padà sí ọ̀rọ̀. Tiyín kò sọ ọ́, ni tọ̀hún bá ń méfò. Kì í ṣi a àti b, àmọ́ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ló ń dà á láàmú."

"Àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọn ò sọnù, sà."

Ó yan UTF-8, ìlànà ìtúpadà tó mọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá, síbi tó ṣófo nínú ètò ímeèlì náà, ó sì tún fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù Barnabas dún. Tèmídayọ̀ ni.

"Bàbá, mo ti ka ímeèlì yín. Ṣé lóòótọ́ ni Màámi ò bínú pé mi ò wá kí wọ́n tó kú?"

"Kò bínú rárá. Òun ló ní kí n má jẹ́ kí o wọ bàálù, pé oyún inú rẹ ṣì kéré."

"Èmi sì rò pé orí yín ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́ nítorí mi. Ta ló ń bínú sí ìyẹn?"

Tèmídayọ̀ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò pa fóònù, ó dúró tì í títí ó fi dákẹ́.